Báwo ni àṣà ṣe ń yí padà? Ìdáhùn sí ọmọ Ìkọ̀lé tó béèrè nípa ìnáwó òkú

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Adó. Lọ́dún tó kọjá a sin bàbá wa. Àwa ọmọ mẹ́rin la jọ yá owó ní kọ́párétíìfù, gbèsè náà ò sì tíì tán lọ́rùn wa. Gbogbo ẹbí ló ń ráhùn pé ìnáwó òkú ti pọ̀ jù, pásítọ̀ ń ráhùn, àwọn ìjòyè ń ráhùn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dín in kù. Bí mo bá sọ ọ́ nípàdé, wọn á ní àṣà baba ńlá wa ni, pé ìwé tí mo kà ló ń gùn mí. Ìyá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Sà, báwo gan-an ni àṣà ṣe ń yí padà? Ṣé ká dúró de ìjọba ni, àbí ká máa wàásù, àbí ká kàn gba kámú?"

Ọmọ mi, ẹ kú àṣeyìndè bàbá o. Ọlọ́run á dá ìyá yín sí fún yín. Owó ló gba iwájú nínú lẹ́tà rẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó gan-an lo ń bi mí. Ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn ni bí ohun tí gbogbo ẹbí ń kùn sí ní kọ̀rọ̀ ṣe tún jẹ́ ohun tí gbogbo ẹbí ń fi tagbáratagbára ṣe ní gbangba. Bí ìgbé ayé àwùjọ ṣe ń yí padà ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ìdáhùn mi á gùn díẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ti lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú ìbéèrè rẹ, mo sì ní láti kọ́kọ́ tú wọn.

Jẹ́ ká mú ti "àṣà baba ńlá wa" ná. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé yín ò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Òótọ́ ni pé Yorùbá ti ń náwó lórí òkú àgbà tipẹ́tipẹ́. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí baba ńlá tí wọ́n ń pè náà bá jí dìde lónìí, tó ya ibi ìsìnkú kan ní Ìkọ̀lé lọ́jọ́ Sátidé, ìlú ibòmíràn ni yóò rò pé òun ṣì dé. Láyé tirẹ̀, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí, nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí bàbá má baà jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀. Aṣọ àti ẹní ni wọ́n fi ń dì í, kò sí pósí. Kò sí ohun tó lè mú òkú dúró pẹ́, nítorí náà wọn kì í fi òkú sílẹ̀ de ẹni tó wà lókèèrè. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á sin ín. Ìnáwó tó tẹ̀ lé e, ìlù, ẹran, ẹmu, oúnjẹ àwọn àna àti ẹgbẹ́, lè bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì lè di ẹ̀yìn ìkórè.

Wo iye ohun tó ti kúrò nínú ìyẹn láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní bùdó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, àwọn kan nínú wọn sì mú ẹ̀sìn Kristi bọ̀. Ìjọ wá ní itẹ́ òkú tirẹ̀. Ìjọba amúnisìn náà ò fẹ́ kí wọ́n máa sin òkú sínú ilé mọ́, wọ́n ní ó ń fa àìsàn. Pósí dé. Kòkó dé, àwọn tó lọ ṣe lébìrà lóko kòkó ní Agége sì wà lára àwọn tó gbé e wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá. Owó kòkó tẹ̀ lé e. Mọ́tò dé, àna tó wà ní Ọ̀mùò sì lè jí lówùúrọ̀ kó bá wọn jẹun ọ̀sán ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Lẹ́yìn ìyẹn ni kámẹ́rà, tí gbogbo ohun tí wọ́n ṣe wá di ohun tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè jókòó wò, kó sì fi wé ti ẹlòmíràn.

Èyí tó yí i jù lọ lójú tèmi ni mọ́ṣúárì. Ẹ̀rọ lásán ni, kò wàásù, kò ṣòfin, ṣùgbọ́n òun ló gba ọjọ́ ìsìnkú lọ́wọ́ ikú tó gbé e lé ìpàdé ẹbí lọ́wọ́. Nígbà tí òkú ò lè dúró, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ jíròrò. Nígbà tó lè dúró oṣù mẹ́ta, ìjíròrò bẹ̀rẹ̀. A ó dúró de èyí tó wà ní Kánádà. Bí a bá sì ń dúró dè é, àyè wà láti yan aṣọ ẹbí, láti tẹ pósítà, láti kun ilé, láti bá onílù àti oníkánópì sọ̀rọ̀, láti wá ọjọ́ tí kò ní kọlu òkú ẹlòmíràn ní àdúgbò. Owó mọ́ṣúárì ń gorí ara wọn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí gbogbo èyí ń lọ. Ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ ká sin bàbá lọ́sẹ̀ yìí", ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn á bi í: kí ló ń lé ọ? Kò sì ní rí èsì tó lè dúró. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ náà wọ ilé ìwòsàn ò ní aṣọ ẹbí lọ́kàn rárá. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìyípadà ṣe ń wọlé: ẹni tó mú un wá ń yanjú ìṣòro kan, ohun mìíràn pátápátá ló sì ń tibẹ̀ yọ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ayé àtijọ́ ò mọ gbèsè òkú. Ìnáwó òkú wà lára ohun tó ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di ìwọ̀fà. Bàbá á yá owó, á fi ọmọ rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko ni èlé, ojú owó ṣì wà níbẹ̀ digbí. Àwọn mìíràn lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú rẹ̀. Ta ló fòpin sí i? Bí o bá bi àwọn míṣọ́nnárì, wọn á ní ìwàásù ni. Ìjọba amúnisìn á ní òfin ni, wọ́n sì gbógun tì í lóòótọ́ láàárín 1920 sí 1940. Ṣùgbọ́n òfin nìkan ì bá ti lé e wọ ìkọ̀kọ̀ ni. Ohun tó jẹ́ kí òfin náà rẹ́sẹ̀ walẹ̀ ni pé kòkó ti so. Ẹni tó nílò owó lè fi oko kòkó dógò dípò ọmọ. Olówó tó nílò òṣìṣẹ́ lè gba lébìrà, kó sanwó fún un. Ọmọ tó wà nílé ìwé náà ti ní iye mìíràn lójú bàbá rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin pàdé lójú ọ̀nà kan náà, ìwọ̀fà sì kógbá wọlé. Kíyè sí i o: gbèsè òkú ò bá a lọ. Ohun tí wọ́n ń fi dógò nìkan ló yí padà, láti orí ọmọ dé orí igi kòkó, láti orí igi kòkó dé orí owó oṣù ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ.

Mo wá dé ibi tí mo rò pé kókó ọ̀rọ̀ wà, bí o tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníwàásù kì í dé ibẹ̀. Kí ló dé tí ìnáwó yìí fi ń ga sí i ní Èkìtì, níbi tí owó ò ti pọ̀ tó ti Èkó? Èsì mi ni pé ilé ìwé ló fà á. Nígbà tí Christ's School bẹ̀rẹ̀ ní Adó ní 1933, ọmọ díẹ̀ ló lè dé ibẹ̀. Ní January 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn, Èkìtì sì sáré sí i bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Kì í ṣe pé a gbọ́n ju àwọn yòókù lọ, bí a tilẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ òkè àti àpáta ni tiwa, a ò sí létí òkun, rélùwéè ò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ọjà wa ò tó ti Ìbàdàn. Ìwé ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Àwọn òbí ta ilẹ̀, wọ́n ta iṣu, ìyá ta aṣọ àpótí rẹ̀, kí ọmọ lè kàwé. Ọmọ kàwé tán, kò sí iṣẹ́ tó bá ìwé náà mu nílé, ó lọ. Ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ ò dá dúró títí di 1996. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ò dé Adó títí di 1982, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ di 2011. Títí ìgbà yẹn, ìran méjì tàbí mẹ́ta ti kó lọ sí Ìbàdàn, Èkó, Kàdúná, Lọ́ńdọ̀nù.

Báwo ni ẹni tó ti lọ ṣe máa fi han ìlú pé òun ò lọ tán? Kò sí lóko, kò sí nípàdé ọdọọdún, kò mọ orúkọ ọmọ aládùúgbò. Ọjọ́ kan ló kù tí gbogbo ìlú á jókòó tí wọ́n á wo ojú rẹ̀, ọjọ́ tó bá wá sin bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Ọjọ́ náà ni ìlú á mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí bàbá tà so èso. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kun ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní sùn nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọmọ tó ti pẹ́ jù lókèèrè ló máa ń pariwo jù pé kí màlúù pọ̀. Mo sọ èyí kí o lè rí i pé kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n. Ìsìnkú ti gba iṣẹ́ kan tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ láyé baba ńlá wa, ìyẹn ni pé kó so àwọn tó lọ mọ́ àwọn tó kù. Ìwàásù tó bá ń bú ìfiṣòfò láìfọwọ́ kan iṣẹ́ yìí, etí òdì ló ń wọ̀.

Òmíràn tó lọ́ pọ̀ nínú lẹ́tà rẹ ni èrò pé bí ọkàn àwọn èèyàn bá yí, ìwà wọn á yí. Ọkàn wọn ti yí, ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́. Mo jókòó nípàdé ẹbí kan ní ìhà Ìfàkì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pinnu iye màlúù tí wọ́n á pa. Ká tó wọlé, ọkùnrin mẹ́ta fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú sì ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún mi pé màlúù kan ti tó, pé owó ilé ìwé ọmọ òun wà nílẹ̀. A wọlé, alága béèrè ìmọ̀ràn, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Nígbà tó yá, àbúrò òkú ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ayé má fi wá rẹ́rìn-ín." Àwọn mẹ́ta yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní "bẹ́ẹ̀ ni". Wọn kì í ṣe òpùrọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ló ń ro ohun tí òun ń rò. Bí àṣà kan bá ti dé ipò yìí, ẹ̀rù ojú ara wọn ló kù tó gbé e dúró, ìfẹ́ kọ́. Wíwàásù fún ọkàn tó ti gbà tẹ́lẹ̀ ò lè wó o.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo máa ń lò ní kíláàsì. Ní Ṣáínà, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n máa ń ká ìka ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin sábẹ́, wọ́n á fi aṣọ dì í pinpin títí egungun á fi ṣẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kéré. Ìyá tó ń ṣe é mọ bó ṣe dùn ún tó nígbà tí wọ́n ṣe tòun, ṣùgbọ́n ta ni á fẹ́ ọmọbìnrin ẹlẹ́sẹ̀ ńlá? Ọba àti òfin gbìyànjú, kò ṣiṣẹ́. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ tí àwọn òbí ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun méjì pa pọ̀: a ò ní di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin wa, ọmọkùnrin wa ò sì ní fẹ́ ẹni tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ kejì yẹn ni oògùn náà, nítorí pé ó mú ìbẹ̀rù àìrí ọkọ kúrò. Ní àgbègbè Tinghsien, ọmọbìnrin 99 nínú 100 ni wọ́n ń di ẹsẹ̀ wọn ní 1889. Ó jẹ́ 94 ní 1899. Nígbà tó fi di 1919, kò sí ọ̀kan. Wo bó ṣe rí: ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ogún ọdún tó tẹ̀ lé e, ó pòórá. Àwọn onímọ̀ kan ò gbà pé ẹ̀jẹ́ náà ló ṣe é. Wọ́n ní àwọn ọmọdébìnrin tó jókòó sílé ń ran òwú ni, pé nígbà tí òwú ilé iṣẹ́ ńlá wọjà, èrè ò sí nínú kí wọ́n máa jókòó mọ́. Èmi rò pé méjèèjì ló ṣe é, bí kòkó àti òfin ṣe pàdé lórí ìwọ̀fà.

Èyí tó sún mọ́ wa ni ti Sẹ̀nẹ̀gà. Ní July 1997, àwọn obìnrin abúlé Malicounda Bambara dìde ní gbangba pé àwọn ò ní dábẹ́ fún ọmọbìnrin mọ́. Wọ́n rí èébú he. Imáámù àgbàlagbà kan láti Keur Simbara, Demba Diawara, ló rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀: abúlé kan ò lè dá a ṣe, nítorí pé abúlé mìíràn ló ti ń fẹ́ ìyàwó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti abúlé dé abúlé, ó ń bá àwọn ẹbí àti àna rẹ̀ jíròrò, kò sì dá wọn lẹ́bi. Ní February 1998, abúlé 13 pé jọ sí Diabougou, wọ́n sọ ọ́ pa pọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wọn dé ní 1999, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti gbéra. Níhìn-ín, Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ní òfin tó ka dídábẹ́ fún ọmọbìnrin léèwọ̀ láti 2002, síbẹ̀ ìwọ àti èmi mọ̀ pé kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin náà dára, mi ò ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ohun tí kò sí ni kí àwọn tó ń fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ara wọn jókòó, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn.

Nípa ìjọba tí o béèrè, òfin máa ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ níbi tí ẹni tó bá rú u ti máa kọ́kọ́ fara gbá a. Ní 2 April 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dá wà lápá òsì lọ́jọ́ kejì. Ti òkú yàtọ̀, nítorí pé ẹni tó bá rú òfin níbẹ̀, iyì ló ń kó. Ìpínlẹ̀ Anambra ṣe òfin ìsìnkú ní 2019, wọ́n ní òkú ò gbọdọ̀ lò ju oṣù méjì lọ ní mọ́ṣúárì. Síbẹ̀, ìsìnkú onínàáwó ńlá ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ ní Anambra. Mo fara mọ́ òfin tó bá fi gbèdéke sí mọ́ṣúárì, nítorí pé ó ń fún ẹni tó fẹ́ ṣe é kíákíá ní ohun tó lè tọ́ka sí: "ìjọba ló ní ká má pẹ́." Bí òfin bá lè fún onítìjú ní àwáwí, ó ti ṣe iṣẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe dúró dè é.

Wàá sì rántí Kòrónà. Láti ìparí March 2020, wọ́n ti ìlú pa, wọ́n fòfin de àpéjọ, a sì sin àwọn àgbà pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìnáwó òkú ti parí nìyẹn. Kò parí. Bí wọ́n ṣe ṣí ìlú tán, àwọn kan tún padà ṣe ìnáwó fún òkú tí wọ́n ti sin. Ohun tí ìṣòro fipá múni ṣe, tí gbogbo ayé sì mọ̀ pé ìfipá ni, kì í fi nǹkan kan kọ́ni nípa ohun tí aládùúgbò fẹ́. A ò kúkú jọ sọ ọ́. A kàn jọ wà ní àhámọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀wọ́n gógó: àwọn kan ń sọ fún mi pé ebi á fòpin sí i. Ebi lè dín màlúù kù lọ́dún yìí. Bí owó bá padà dé, màlúù á padà dé.

Kí wá ni kí o ṣe? O lè dá a ṣe, kí ẹ̀yin mẹ́rin sin ìyá yín níwọ̀nba nígbà tí ọjọ́ bá pé. Mi ò ní purọ́ fún ọ, wọn á sọ̀rọ̀ yín. Ẹni tó bá lówó ló lè dá a ṣe kó má bàjẹ́ fún un, nítorí pé gbogbo ìlú mọ̀ pé kì í ṣe àìní ló fà á. Tíṣà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á ní kò rí já jẹ ni. Ohun tó dáa jù, lójú tèmi, ni ti Diawara. Má gbé e lọ sí ìpàdé gbogbo ìlú, ó ti tóbi jù. Ka àwọn ìdílé tí ẹ máa ń ná sí lọ́rùn tí àwọn náà ń ná sí yín lọ́rùn: àna yín, ìdílé ìyàwó àbúrò rẹ, ẹgbẹ́ ìyá yín ní sọ́ọ̀ṣì. Lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ná, kí o gbọ́ tẹnu wọn ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ pé jọ, kẹ́ ẹ jọ sọ ohun tójú lè rí: òkú ò ní kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni ò ní fi dandan ra aṣọ, àna ò ní mú màlúù wá. "Ká dín ìnáwó kù" kì í ṣe àdéhùn, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè mọ ìgbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́.

Fi sọ́kàn pé àwọn kan á pàdánù. Obìnrin tó ń se oúnjẹ níbi òkú, télọ̀, onílù, oníkánópì, ọmọ tó ń tẹ pósítà ní Adó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Àwọn arúgbó ìlú tí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ wò ń jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Ilé ẹbí tí wọ́n tún ṣe nítorí òkú, bí kì í bá ṣe òkú, á ti wó. Nítorí náà, bí ẹ bá dín ìsìnkú kù tí ẹ ò sì fi nǹkan mìíràn rọ́pò ohun tó ń mú àwọn ọmọ wálé, ìnáwó náà á kàn ṣí lọ síbòmíràn. Ó ti ń ṣí lọ. Wo ọjọ́ ìbí àádọ́rin àti ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ń ṣe báyìí, aṣọ ẹbí, kánópì, onílù, gbogbo rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń sin òkú lọ́jọ́ kan náà, fídáù ọjọ́ kẹjọ ti di òkú kejì fún ọ̀pọ̀ ìdílé láàárín wọn. Mi ò lè sọ fún ọ bóyá ọdún márùn-ún ni yóò gba ẹ̀yin ní Ìkọ̀lé tàbí ogójì. Nínú irú nǹkan báyìí, ẹni tó wà láàárín rẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ti sún mọ́ etí bèbè.

Agbára kan wà lọ́wọ́ yín báyìí tí kò sí lọ́wọ́ yín nígbà ti bàbá: ìyá wà láàyè. Ohun tí ọmọ bá sọ, wọ́n lè pè é ní ahun. Ohun tí ìyá bá fẹnu ara rẹ̀ sọ, àṣẹ ni, kò sì sí àbúrò bàbá tó máa dìde ní ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun mọ ohun tó fẹ́ jù ú lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo láti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè ní ẹ ti ń wo ọ̀nà ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà obìnrin nílẹ̀ wa ti ní aṣọ tí wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí de ọjọ́ náà, bóyá tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi aṣọ yẹn. Ní kó fi hàn ọ́, kó sọ ìtàn rẹ̀, kó sọ bí wọ́n ṣe sin ìyá tirẹ̀, ibẹ̀ ni yóò fúnra rẹ̀ ti sọ bó ṣe fẹ́ kí tirẹ̀ rí. Béèrè ẹni tó fẹ́ kó gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ pe àwọn yẹn, kí àbúrò bàbá yín tó máa ń sọ̀rọ̀ jù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá sì ní màlúù àti ìlù ni òun fẹ́, òun ló ni òkú ara rẹ̀, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀yin mẹ́rin wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ láti oṣù yìí, kí ti ìyá má baà tún lọ bá ti bàbá ní kọ́párétíìfù.